Yíyan Yíǹkì Búlúù fún Pẹ́ẹ̀nì Oníyíǹkì ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀

Yíǹkì búlúù tó yẹ fún ìlò ojoojúmọ́ ni èyí tí pẹ́ẹ̀nì lè gbà láìdí, tí bébà lè gbé láìfẹ̀, tí ohun tí a fi kọ sì lè pẹ́ tó bí iṣẹ́ náà ṣe ń fẹ́. Ẹwà àwọ̀ rẹ̀ ló gba ipò kẹrin. Orí ẹwà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ojú kọ́kọ́ ń rí nínú ìgò. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wu ojú kò ní kí yíǹkì má dí pẹ́ẹ̀nì, kò sì ní kí òjò má fọ ọ̀rọ̀ inú ìwé àdéhùn dànù. Ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, níbi tí ooru, ọ̀rinrin, bébà olówó pọ́ọ́kú àti ìrìn àjò inú ọkọ̀ èrò ti pàdé, ètò tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra yíǹkì tẹ̀ lé ni kí ó wo pẹ́ẹ̀nì, kí ó wo bébà, kí ó wo iṣẹ́, kí ó tó wá wo àwọ̀.

Pẹ́ẹ̀nì oníyíǹkì, tí àwọn àgbà ń pè ní fáńtéènì, ní àpò yíǹkì nínú, ó sì ní ẹnu irin tí a là ní àárín, èyí tí a mọ̀ sí níìbù. Láàárín àpò àti níìbù ni ojúsàn wà, ìyẹn ike tàbí rọ́bà líle tí a la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí. Yíǹkì ń gba ihò náà sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ gòkè láti rọ́pò rẹ̀. Lewis Waterman, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ojúsàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1884. Bíírò, tí László Bíró gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní 1938, ló padà wá gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú yíǹkì ni ìyàtọ̀ wọn wà. Ti bíírò jẹ́ ọ̀rá kíki tí bọ́ọ̀lù kékeré kan ń yí mọ́ ìwé. Ti pẹ́ẹ̀nì oníyíǹkì jẹ́ omi. Nítorí pé omi ni, kò dìgbà tí a bá tẹ pẹ́ẹ̀nì mọ́lẹ̀ kí ó tó kọ, ọwọ́ kì í sì í tètè ro ẹni tó ń kọ̀wé pẹ́. Nítorí pé omi ni bákan náà, gbogbo ohun tó ń ṣe omi ló lè ṣe é: ó lè ṣàn jù, ó lè gbẹ, ó lè bu, omi mìíràn sì lè ṣí i kúrò lórí ìwé.

Oríṣìí mẹ́ta ni yíǹkì búlúù tí a ṣe fún irú pẹ́ẹ̀nì yìí. Èkíní, tó wọ́pọ̀ jù, ni yíǹkì aláró. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀; aró ilé-iṣẹ́ ti yòrò pátápátá sínú omi náà, wọ́n sì fi èròjà díẹ̀ sí i kí ó lè ṣàn dáadáa, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ó bu. Quink, tí ilé-iṣẹ́ Parker gbé jáde ní 1931, wà nínú ẹbí yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Pelikan 4001 Royal Blue àti Lamy Blue láti Jámánì, pẹ̀lú Waterman Serenity Blue. Wọ́n rọrùn láti fọ̀ kúrò nínú pẹ́ẹ̀nì, wọn kì í sì í sábà dí i. Àléébù wọn ni pé aró tó ti yòrò nínú omi lẹ́ẹ̀kan lè tún yòrò lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi bá dà sórí ìwé tí a fi wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ á ṣí, á di àbàwọ́n. Oòrùn náà ń ṣá wọn.

Láàárín àwọn aláró, royal blue ní ìwà kan tó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀. Bí omi eérú, kán-ún tàbí èròjà mìíràn tó jọ wọ́n bá kan aró rẹ̀, àwọ̀ á pòórá. Ìwà yìí ni wọ́n lò láti fi ṣe pẹ́ẹ̀nì ìparẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Jámánì: ọmọ á fi ẹnu kan rẹ́ àṣìṣe, á fi ẹnu kejì, tí yíǹkì rẹ̀ kì í parẹ́, kọ ohun tó tọ̀nà lé e. Ó tún jẹ́ kí àbàwọ́n rẹ̀ rọrùn láti fọ̀ kúrò lára aṣọ, nítorí náà ló ṣe bá akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mu. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni kò jẹ́ kí ó yẹ fún sọwédowó tàbí ìwé ilẹ̀. Ohun tí ọmọdé lè fi pẹ́ẹ̀nì ìparẹ́ nù lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, oníjìbìtì lè fi blíìṣì inú ilé, irú Jik tàbí Hypo, nù ún lórí ìwé owó.

Oríṣìí kejì ni yíǹkì onírin, tó pọ̀ nínú àwọn tí a ń tà lábẹ́ orúkọ blue-black. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èròjà kíkorò tí a ń pè ní táníìnì, tí wọ́n ń rí nínú kókó ara igi oak, ni wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀ irin láti fi ṣe é. Nígbà tó bá ṣì wà nínú ìgò, àwọ̀ rẹ̀ kì í hàn tó, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi aró búlúù sí i kí akọ̀wé lè rí ohun tó ń kọ. Bí ó bá dé orí ìwé, afẹ́fẹ́ á bá irin inú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Á máa dúdú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di ohun tí omi kò lè yọ́ mọ́. Irú iṣẹ́ afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, nítorí aṣọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ látinú ìkòkò aró ẹlú máa ń ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Henry Stephens bẹ̀rẹ̀ sí í ta yíǹkì blue-black tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1832, irú rẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ní England àti Wales, kí àkọsílẹ̀ náà tó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní oṣù Karùn-ún 2021. Pelikan 4001 Blue-Black, Platinum Blue-Black láti Japan àti Rohrer & Klingner Salix láti Jámánì jẹ́ onírin tó ṣeé fi sínú pẹ́ẹ̀nì òde òní. Kì í ṣe gbogbo ìgò tí a kọ blue-black sí lára ló ní irin nínú. Aláró ni Quink blue-black. Ewu onírin ni pé ó kan díẹ̀, ó lè jẹ níìbù irin lásán tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, bí ó bá sì gbẹ sínú ojúsàn, omi lásán kì í tètè yọ ọ́.

Oríṣìí kẹta ni yíǹkì ẹlẹ́tù. Àwọ̀ rẹ̀ kò yòrò nínú omi rárá; ẹ̀tù tó kúnná gidigidi ni, tó ń léfòó nínú omi, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ara bébà nígbà tí omi bá gbẹ. Sailor Sei-boku àti Platinum Pigment Blue, tí àwọn méjèèjì wá láti Japan, ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Omi kì í fọ̀ ọ́, oòrùn kì í sì í tètè ṣá a. Ṣùgbọ́n bí a bá gbàgbé pẹ́ẹ̀nì tó wà nínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ̀tù yẹn á lẹ̀ mọ́ inú ojúsàn bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ bébà. Ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́ ló yẹ fún. Ẹni tó ń mú pẹ́ẹ̀nì jáde nígbà tí àlejò bá dé kò gbọdọ̀ lò ó.

Àwọn omi mìíràn wà lọ́jà tí ń jẹ́ yíǹkì tí wọn kò sì gbọdọ̀ wọ inú pẹ́ẹ̀nì yìí. Tàdáà tí àwọn ààfáà fi ń kọ wàláà ní ilé-kéwú ní èédú àti oje igi nínú; kálàmù, tí kò ní ojúsàn, ni wọ́n ṣe é fún, oje igi yẹn á sì dí pẹ́ẹ̀nì oníyíǹkì pa. Yíǹkì sítáǹbù, tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì, ni wọ́n ṣe kí ó má ba à gbẹ lórí fóòmù, nítorí náà kì í tètè gbẹ lórí ìwé náà. Yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà lè ṣàn, ṣùgbọ́n ihò ẹ̀rọ yẹn àti ti pẹ́ẹ̀nì kò dọ́gba. Aró ẹlú náà kò ṣeé lò, nítorí pé inú omi eérú nìkan ló ti ń yòrò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á padà di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Kí ẹni tó ń rà wo ara ìgò dáadáa kí ó rí i pé fún pẹ́ẹ̀nì oníyíǹkì ni wọ́n ṣe yíǹkì náà.

Bí a bá ti mọ oríṣìí yíǹkì, pẹ́ẹ̀nì ni a óò kọ́kọ́ wò. Níìbù tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí a kọ F sí lára, ń da yíǹkì díẹ̀. M ń dà á níwọ̀nba. B ń dà á púpọ̀. F àwọn ará Japan sì sábà tẹ́ẹ́rẹ́ ju F àwọn ará Yúróòpù lọ. Yíǹkì fúnra rẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Pelikan 4001 jẹ́ èyí tí kì í ṣàn púpọ̀, Waterman sì ń ṣàn dáadáa. Pẹ́ẹ̀nì tó ń ṣahun, tí ìlà rẹ̀ ń já bí a ṣe ń kọ, ń fẹ́ yíǹkì tó ń ṣàn. Pẹ́ẹ̀nì tó ń da yíǹkì sílẹ̀ bí omi ẹ̀rọ ń fẹ́ èyí tí kì í ṣàn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí a ń dá yíǹkì lẹ́bi nínú rẹ̀, àìbáramu yìí ló dá a sílẹ̀. Ẹni tí pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ bá jẹ́ ike tó mọ́ gaara, tí a ń rí inú rẹ̀, gbọ́dọ̀ yẹra fún búlúù tó máa ń wọ ike lára. Noodler's Baystate Blue láti Amẹ́ríkà lókìkí fún àwọ̀ rẹ̀ tó ń tàn, ó sì lókìkí fún àbàwọ́n tó ń fi sílẹ̀ nínú pẹ́ẹ̀nì àti fún bí kò ṣe bá yíǹkì mìíràn ré.

Ooru Èkó náà ń bá pẹ́ẹ̀nì ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè yíǹkì nínú àpò ń wú bí ooru bá mú un, á sì ti yíǹkì síta. Bí pẹ́ẹ̀nì bá jáde látinú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù mú dé ìwọ̀n 22 bọ́ sínú oòrùn ìwọ̀n 34, afẹ́fẹ́ yẹn á fi bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wú, yíǹkì tó máa jáde kò sì ní ju ohun tí ojúsàn lè gbà mú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí a gbé sí oòrùn, tí inú rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 50, ohun tó máa jáde lè tó ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan sì tó láti ba àpò ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ẹni tó ń ti Ọ̀kọ́tà tàbí Máfolúkù wọ ọkọ̀ lọ sí Oṣòdì nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ gbọ́dọ̀ fi pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ dúró ní òró, kí níìbù kọjú sókè. Bí àpò yíǹkì bá ṣe kún tó ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń kéré tó, nítorí náà pẹ́ẹ̀nì tó kún kì í tètè jò bí èyí tó ti lọ sí ìdajì. Òfin kan náà ló de ẹni tó ń wọ bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed: agbára afẹ́fẹ́ inú bàálù lókè lè lọ sílẹ̀ dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ inú pẹ́ẹ̀nì á sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú. Kí pẹ́ẹ̀nì kún pátápátá, tàbí kí ó ṣófo pátápátá. Pẹ́ẹ̀nì tí a ń gbé rìn, tó sì lè jò, kí a fi royal blue tó ṣeé fọ̀ sínú rẹ̀, kí a sì fi onírin àti ẹlẹ́tù sílẹ̀ fún pẹ́ẹ̀nì tí kì í kúrò lórí tábìlì.

Lẹ́yìn pẹ́ẹ̀nì ni bébà. Ọ̀pọ̀ bébà tí à ń lò ní Nàìjíríà ń ti òkè òkun wá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Oku Iboku àti Ìwópin kò lè bọ́ orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyí tí bébà ọ̀sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má jọ ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsọ̀ kan náà ni a ti rà wọ́n. Bébà tí a ń fi gíráàmù 60 mọ̀ fẹ́lẹ́; ti gíráàmù 80, tó wọ́pọ̀ nídìí ẹ̀rọ fótókópì, nípọn díẹ̀ sí i. Nínípọn nìkan kọ́ ni, nítorí pé atẹ́ tí wọ́n fi sí bébà nígbà tí wọ́n ń ṣe é ló ń pinnu bóyá á mu omi. Bébà tí atẹ́ rẹ̀ kò tó á fa yíǹkì lọ sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà á hu irun, ọ̀rọ̀ á sì yọ sí ẹ̀yìn ìwé. Lórí ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́lẹ́, níìbù F àti yíǹkì tí kì í ṣàn púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Yíǹkì onírin náà ń mú ìlà rẹ̀ mọ́ níbẹ̀, nítorí pé kì í fẹ̀ bí aláró. Ọ̀rinrin ìgbà òjò á tún fi kún ìṣòro yìí, nítorí pé bébà tó ti fa ọ̀rinrin mu kì í jẹ́ kí yíǹkì tètè gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ìdàkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: yíǹkì á tètè gbẹ lórí ìwé, á sì tètè gbẹ lórí níìbù tí a bá ṣí sílẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohun tó kọ, gbọ́dọ̀ wá èyí tó ń tètè gbẹ ní gbogbo ìgbà.

Iṣẹ́ ló kàn. Ìwé tí a óò kà lónìí tí a óò jù nù lọ́la kò béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ yíǹkì. Fún àkọsílẹ̀ kíláàsì, ìwé ìpàdé, àwọn ohun rírà, àti iṣẹ́ àṣetiléwá, aláró tó rọrùn láti fọ̀ ti tó. Àwọn ìdánwò tí a ń fi ọwọ́ kọ sábà máa ń gba búlúù tàbí dúdú, pupa sì jẹ́ ti olùkọ́ tó ń máàkì, nítorí náà royal blue kò ní kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Ìwé tí ẹlòmíràn yóò tọ́ka sí lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ìwé ìbúra ní kóòtù, ìwé àdéhùn ilé gbígbà ní Jakande tàbí Àjàó, ìwé ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Omíyalé, òrùlé tó ń jò àti ikán ni ọ̀tá ìwé ní Èkó. Yíǹkì kò lè dá ikán dúró, ṣùgbọ́n ó lè dúró de omi. Onírin tàbí ẹlẹ́tù ni ó yẹ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Sọwédowó àti ìbuwọ́lùwé ti báǹkì náà wà ní ipò yìí, fún ìdí blíìṣì tí a ti mẹ́nu bà.

Ìgbà tí a bá ti yanjú mẹ́ta wọ̀nyí ni àwọ̀ tó kàn. Búlúù ní ìran mẹ́ta: èyí tó fẹ́lẹ́ tó sún mọ́ ojú ọ̀run tàbí ewé, royal blue tó wà ní àárín, àti blue-black tó ṣókùnkùn. Ojú ènìyàn ń rí gbogbo wọn, ẹ̀rọ kì í rí wọn bákan náà. Nígbà kan, àwọn atẹ̀wé máa ń fi búlúù fẹ́lẹ́ ṣe àmì sí ojú ìwé nítorí pé kámẹ́rà ìtẹ̀wé kì í gbé e. Ìdí kan náà ni búlúù fẹ́lẹ́ kì í fi í hàn dáadáa lórí fótókópì. Ọ̀rọ̀ yìí kan owó gan-an, torí pé láti 2013 ni àwòrán sọwédowó ti ń rìn láàárín àwọn báǹkì Nàìjíríà dípò ìwé fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ohun tí wọ́n máa fi fóònù yà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí tí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, gbọ́dọ̀ mú búlúù tó ṣókùnkùn. Síbẹ̀, búlúù ní àǹfààní kan tí dúdú kò ní lórí ìwé òfin: lójú ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé ìbuwọ́lùwé búlúù kì í ṣe ẹ̀dà tí ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú tẹ̀ jáde. Bí ó bá ṣókùnkùn jù tí kò fi yàtọ̀ sí dúdú mọ́, àǹfààní yìí ti lọ.

Nídìí rírà, ìgò àti káátírìjì ni ọ̀nà méjì tó wà. Káátírìjì jẹ́ ọ̀pá ike kékeré tí yíǹkì ti wà nínú rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní lọ́wọ́, ó sì rọrùn láti gbé rìn, ṣùgbọ́n ti ilé-iṣẹ́ kan kì í fìgbà gbogbo wọ pẹ́ẹ̀nì ilé-iṣẹ́ mìíràn. Parker àti Lamy ní tiwọn lọ́tọ̀, nígbà tí Pelikan ń lo káátírìjì kúkurú tó bá ọ̀pọ̀ pẹ́ẹ̀nì Yúróòpù mu. Ẹni tó fẹ́ lo ìgò nílò ọ̀pá ìfàyíǹkì tó bá pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ mu, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní converter. Ìṣirò owó rẹ̀ kò le. Ìgò Quink jẹ́ mílílítà 57. Bí ọ̀pá ìfàyíǹkì bá ń gba mílílítà 0.8, ìgò kan á kún un nǹkan bí ìgbà 70. Páálí káátírìjì kúkurú mẹ́fà kò ju mílílítà márùn-ún lọ, nítorí náà ó gba páálí bíi méjìlá kí ó tó ká ìgò kan. Ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́ kò lè pẹ́ kí ó tó rí i pé ìgò ló dín owó kù.

Ìgò tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò yẹ ní rírà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Oòrùn ń ṣá aró nínú ìgò bó ṣe ń ṣá a lórí ìwé, ooru sì ń dín omi inú rẹ̀ kù. Kí ẹni tó ń rà gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ó wo bóyá yíǹkì kún dé ọrùn, bóyá ìdè ìdérí ṣì wà, bóyá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò sùn sísàlẹ̀. Bí òkùkù fẹ́lẹ́ bá wà lójú rẹ̀, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ó ti bu. Yíǹkì tó bu kò ṣeé sẹ́ lò, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ á tẹ̀ lé e wọ inú pẹ́ẹ̀nì.

Kí a tó gba yíǹkì kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ó yẹ kí a dán an wò pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì àti bébà tí a máa lò gan-an. Ìdánwò náà kò nílò ohun èlò àkànṣe kankan:

1. Kọ ìlà mẹ́wàá lórí bébà náà, kí o wo etí lẹ́tà àti ẹ̀yìn ìwé. Bí lẹ́tà bá hu irun, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá yọ sí ẹ̀yìn, pààrọ̀ níìbù tàbí yíǹkì.
2. Fi ìka nu ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, 10 àti 20. Èyí tí kò bá tíì gbẹ ní 20 kò yẹ fún ọlọ́wọ́ òsì tàbí fún ìwé tí a ń ṣí lọ ṣí bọ̀.
3. Ṣí ìdérí pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o sì kọ̀wé. Bí ìlà kò bá wá lẹ́ẹ̀kan náà, yíǹkì yẹn á ṣe wàhálà nígbà ọyẹ́.
4. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, kán omi sórí ọ̀rọ̀, kí o sì fi tíṣù gbẹ ẹ́. Ohun tó kù lórí ìwé ló máa kù lẹ́yìn òjò.
5. Fi páálí bo ìdajì ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o wá fi ìdajì méjèèjì wé ara wọn.
6. Ṣe fótókópì rẹ̀, kí o sì fi fóònù yà á. Ohun tí kò bá ṣeé kà lórí ẹ̀dà kò yẹ fún ìwé ọ́fíìsì.

Yíǹkì tó dára lè kùnà nítorí àìtọ́jú. Omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó ní irin tó ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di pupa, kò sì dára láti fi fọ pẹ́ẹ̀nì; omi inú ọ̀rá pure water mọ́ jù ú lọ, ọ̀rá kan sì tó fún ìfọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Omi tútù ni a ń lò. Omi gbígbóná lè tẹ ojúsàn oníke. A óò máa fa omi wọlé, a óò máa tì í jáde, títí tí yóò fi mọ́. Fún aláró, ìfọ̀ kan láàárín oṣù méjì tàbí mẹ́ta tó. Fún onírin àti ẹlẹ́tù, kí ó jẹ́ oṣooṣù. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ yíǹkì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ pẹ́ẹ̀nì náà, torí pé yíǹkì onírin tó kan àti yíǹkì mìíràn tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ lè di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bí wọ́n bá pàdé nínú ojúsàn. A kì í da omi sínú ìgò láti fi lé yíǹkì tó ń tán, nítorí pé omi náà ń sọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ó bu di aláìlágbára. Inú páálí rẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé, ni kí ìgò máa wà.

Bí a bá fi gbogbo èyí ṣe ìwọ̀n, ìpinnu kò ṣòro. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó ń kọ̀wé lórí bébà fẹ́lẹ́ á mú níìbù F pẹ̀lú royal blue tí kì í ṣàn púpọ̀, irú Pelikan 4001. Akọ̀wé ọ́fíìsì tí ìwé rẹ̀ ń lọ sábẹ́ ẹ̀rọ fótókópì á mú blue-black aláró, irú ti Quink. Lọ́yà, òṣìṣẹ́ báǹkì, àlùfáà àti akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń buwọ́ lu ohun tí a óò tọ́jú á mú onírin tàbí ẹlẹ́tù, bí wọ́n bá ń lo pẹ́ẹ̀nì náà lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pín sí méjì lè ní pẹ́ẹ̀nì méjì: royal blue nínú èyí tó ń bá a wọ ọkọ̀, onírin nínú èyí tó ń dúró de ìbuwọ́lùwé lórí tábìlì.